Ọ̀rẹ́ Márùn-ún, Ilé Kan ní Òkè-Àró: Ṣé Kí N Yọ Délé Kúrò?

Ìbéèrè tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń kọ ìwé eré kan lọ́wọ́. Èmi àtàwọn méjì la fẹ́ ṣe é, Àkúrẹ́ níbí náà la sì ti máa yà á. Ọ̀rẹ́ márùn-ún ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí sìnrúùlú, wọ́n dáwó jọ háyà ilé oníyàrá mẹ́ta sí Òkè-Àró, wọ́n ń wáṣẹ́, wọ́n ń jà, wọ́n ń yá ara wọn lówó. Ọ̀kan nínú wọn, Délé, ọkùnrin ló ń fẹ́. Ẹni tó fẹ́ fowó sí i ní kí n yọ Délé, tàbí kí n jẹ́ kí pásítọ̀ gbà á sílẹ̀ nígbẹ̀yìn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní mò ń fara wé òyìnbó, torí kí wọ́n lè gbé fíìmù mi lọ sókè òkun ni mo ṣe kó o síbẹ̀. Ẹlòmíì ní bí mo bá yọ ọ́, ojo ni mí. Mo ti yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, mo ti dá a padà lẹ́ẹ̀mejì. Kí ni kí n ṣe?

* * *

Àbúrò, mo ka ọ̀rọ̀ rẹ, mo tún un kà. O ní àwọn yòókù ń wáṣẹ́, wọ́n ń jà, wọ́n ń yáwó. Nígbà tó kan Délé, o ní ọkùnrin ló ń fẹ́, ó parí. Ṣé òun kì í jẹun ni? Ta ló jẹ lówó? Kí ló kọ́ ní yunifásítì? Ìyá ẹ̀ ńkọ́, ṣé ó wà láyé, ṣé Oǹdó ló ń gbé àbí Ọ̀wọ̀? Kó o tó máa bi mí bóyá kó o yọ ọ́, jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ̀ bóyá o ti fi í síbẹ̀ rí.

Ẹgbẹ́ kan wà ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ GLAAD. Ní 2013 wọ́n gbé ìbéèrè mẹ́ta kalẹ̀ fún fíìmù, wọ́n fi orúkọ Vito Russo sọ ọ́, ẹni tó kọ̀wé lórí bí sinimá ṣe ń fi ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin àti obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin hàn. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà nínú fíìmù náà? Ṣé nǹkan mìíràn wà tá a lè fi dá a mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó ń fẹ́? Bá a bá sì yọ ọ́, ṣé ìtàn náà á wó? Mi ò ní kó o máa fi òṣùwọ̀n Amẹ́ríkà wọn eré Àkúrẹ́ o. Àmọ́ ìbéèrè kẹta yẹn, ìyá mi tí kò dé Èkó rí máa ń bi tẹlifíṣọ̀n bẹ́ẹ̀: "Kí lèyí wá ṣe níbí?" Ìwọ fúnra ẹ ti yọ Délé lẹ́ẹ̀mejì, ìtàn rẹ ò sì mì. Èmi ò tíì dé ọ̀dọ̀ olówó rẹ. Ibẹ̀ yẹn ni mo ṣì dúró sí.

* * *

Àwọn tó ń fèsì sábẹ́ ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ ná. Ẹnìkan ní kò sí irú ẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, òyìnbó ló kó o wá. Kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíì fi já lu ú pé irọ́ ni: ṣebí Adélé ní Àkúrẹ́, ọmọbìnrin Déjì tó wàjà, aṣọ ọkùnrin ló máa ń wọ̀, wọ́n á dé e ní fìlà, wọ́n á kó ìlẹ̀kẹ̀ sí i lọ́rùn, wọ́n á sì máa kí i ní Kábíyèsí títí Déjì tuntun á fi jẹ, ṣebí elégùn Ṣàngó ń dirun, ṣebí ọkùnrin ló ń wọ aṣọ obìnrin jó Gẹ̀lẹ̀dẹ́.

Ẹ̀yin náà fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ di àdàlú. Agbádá tí Adélé wọ̀, tìtorí ìtẹ́ ni. Kò sẹ́ni tó bi í léèrè ẹni tó ń fẹ́, bó bá sì wu ú kó ti bí ọmọ mẹ́rin. Lóbùn náà ní Oǹdó, tí wọ́n ń pè ní ọba obìnrin, tó jẹ́ pé láìsí òun Òṣemàwé ò lè gorí oyè, ọ̀rọ̀ oyè nìyẹn. Ẹni tó bá fi Adélé jà fún Délé níwájú ọmọ Àkúrẹ́, èébú ló máa jẹ délé, á sì tọ́ sí i.

Àmọ́ ẹni tó ní kò sí i rí náà ń purọ́, àbí kó jẹ́ pé òun ò wo ojúlé kejì.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, télọ̀ kan wà ní Arákálé tó ń rán búláòsì. Téèpù kì í kúrò lọ́rùn ẹ̀. Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ni ọkùnrin kan máa ń wá, á gbé búrẹ́dì dání, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́yìn máṣìnnì, kò ní kúrò títí ilẹ̀ á fi ṣú. "Ọ̀rẹ́ ẹ̀ ti dé," làwọn obìnrin máa ń wí, wọ́n á fa "ọ̀rẹ́" yẹn gùn díẹ̀, wọ́n á sì máa bá ìwọ̀n aṣọ wọn lọ. Ìyá mi rán aṣọ ẹbí níbẹ̀ fún bí ọdún méjìlá, mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu ẹ̀. Nígbà tí télọ̀ yẹn kú, àwọn ẹbí tò sábẹ́ kánópì, ọkùnrin oníbúrẹ́dì jókòó sí òdìkejì títì, lórí àpótí onímínírà. Ìyá mi gbé iyán sọdá fún un. Omi nìkan ló mu. Ìyá mi sì dúró tì í, tòun ti abọ́ lọ́wọ́, bóyá ìṣẹ́jú márùn-ún, kò sọ nǹkan kan, ó padà wá bá wa.

Kò sí òyìnbó kankan ní Arákálé lọ́jọ́ náà.

* * *

Ìbéèrè tó dáa lèyí tẹ́nìkan bi: kí làwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ á máa pè é nínú fíìmù? Níbí ni ọ̀pọ̀ ìwé eré máa ń ṣubú sí.

"Adófùrọ̀", èébú ni, ẹni tó bá sọ ọ́ fẹ́ jà ni. "Akọsákọ", ẹnu àwọn tó ń ka ìròyìn ni mo ti máa ń gbọ́ ọ, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún kan ò ní sọ bẹ́ẹ̀ ní yàrá. Gèésì làwọn ọ̀dọ́ fi máa ń sọ ọ́, tí wọ́n á sì rẹ ohùn wálẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá fi ìfẹ́ ẹ̀tàn pè jáde, tí wọ́n lù, tí wọ́n gba fóònù ẹ̀, tí wọ́n ní àwọn á sọ fún bàbá ẹ̀ bí kò bá fowó ránṣẹ́, wọ́n ní wọ́n "kítò" ẹ̀. Bí o kò bá tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn rí, o ò tíì bá ẹni tó o fẹ́ kọ nípa ẹ̀ jókòó, jọ̀ọ́ gbé bírò sílẹ̀ ná.

Ìmọ̀ràn tèmi: má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni pè é ní nǹkan kan fún ìdajì fíìmù. Wọ́n mọ̀. Nílé tí èèyàn márùn-ún ti ń lo báfù kan, kí ni wọn ò ní mọ̀? Jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn jáde lọ́jọ́ tí wọ́n ń jà lórí owó iná, tó kan Délé láti ra yúnìtì tí kò rà á, tí oúnjẹ inú fíríìjì sì bàjẹ́. Ẹni tó fẹ́ràn ẹ̀ jù lára wọn ni kó sọ ọ́ sí i lẹ́nu. Kí gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Kí ẹni tó sọ ọ́ wá máa kó ẹja tó ti rà nínú fíríìjì sínú ọ̀rá, láìwo ojú ẹnikẹ́ni.

* * *

Ẹni tó ní Délé nìkan kọ́ ló sọnù nínú eré yín, ó ti gba ẹnu mi sọ̀rọ̀. Mo wo àwọn orúkọ tó wà nínú ìwé eré tó o fi ránṣẹ́: Délé, Kẹ́mi, Túndé, Bùkọ́lá, Ṣọlá. Gbogbo wọn ń sọ Yorùbá orí rédíò. Ìpínlẹ̀ Oǹdó nìyí o! Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1976, Èkìtì tún wà nínú ẹ̀ nígbà yẹn títí di 1996, a sì ní àwọn ẹ̀yà Ìjọ (Ijaw) ní Ẹsẹ̀-Odò, a ní Ìlàjẹ létí òkun, a ní Àkókó tó jẹ́ pé abúlé méjì tó fara kan ara wọn lè má gbọ́ èdè ara wọn. Níbo lọmọ Ìgbìrà wà, tí bàbá ẹ̀ wá ṣe lébìrà lóko kòkó, tí òun sì ti kàwé jáde ní yunifásítì FUTA níbí? Ọmọ Íbò tí wọ́n bí sí ẹ̀gbẹ́ Ọjà Ọba, tí ẹnu ẹ̀ gbọ́ Àkúrẹ́ ju ti àwọn ọmọ onílé lọ, ṣé o ò mọ ẹyọ kan? Mo mọ mẹ́ta.

Ìdí tí mo fi sọ èyí ni pé nílé tí gbogbo wọn bá ti jọra bí ẹyin adìyẹ, Délé á máa tàn bí iná ọkọ̀ lójú àwọn tó ń wò ó. Wọ́n á ní òun ni ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà. Bí ìkan bá ń tiro, tí ìkan ń sọ Ìlàjẹ pẹ̀lú ìyá ẹ̀ lórí fóònù, tí ìkan ń gba ààwẹ̀ tí àwọn yòókù sì ń dín dòdò sí i nímú, Délé á di ọ̀kan nínú wọn.

(Ẹni tó tún bèèrè pé kí ló dé tí wọ́n ń jẹ súyà ní síìnì kẹsàn-án, Ọlọ́run á san án fún ọ. Ní Àkúrẹ́? Lẹ́bàá Oǹdó tí wọ́n ti bí àsun? Ẹ yí i padà kí wọ́n tó lé yín kúrò nílùú.)

* * *

Ó wá kan òfin, torí mo rí i pé àwọn kan ń fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, àwọn kan sì ń fi dẹ́rù ba ọmọ ọlọ́mọ.

Oṣù kìíní 2014 ni Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí òfin tó ka ìgbéyàwó akọ sákọ àti abo sábo léèwọ̀. Ẹ̀wọ̀n ọdún 14 wà fún ẹni tó bá ṣe irú ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀. Ọdún 10 wà fún ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀, tàbí tó fi irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ hàn ní gbangba, yálà ní tààrà tàbí ní ẹ̀bùrú. Ọ̀rọ̀ "ní ẹ̀bùrú" yẹn ló ń dààmú lọ́yà. Yàtọ̀ síyẹn, àjọ tó ń yẹ fíìmù àti fídíò wò wà láti ìgbà òfin 1993, fíìmù tí a bá fẹ́ tà tàbí tí a bá fẹ́ fi han èrò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní 2020, Uyaiedu Ikpe-Etim darí fíìmù kúkúrú kan, Ìfé, lórí obìnrin méjì tó fẹ́ràn ara wọn. Pamela Adie ló gbé e jáde. Ọ̀gá àjọ náà kìlọ̀ pé bí wọ́n bá gbé e síta láìgba àṣẹ, ẹ̀wọ̀n lè kàn wọ́n. Toronto ní Kánádà ni wọ́n ti kọ́kọ́ fi hàn.

Torí náà kó o tó tan kámẹ́rà, ẹ wá lọ́yà tó mọ iṣẹ́ fíìmù, ẹ sanwó fún un, kó ka ìwé eré náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Má wá sọ́dọ̀ mi wá gba ìdájọ́. Aṣọ lèmi máa ń tọ́jú lokéṣọ̀n.

Ẹni tó sì ní ẹ̀bùn òkè òkun lò ń wá: òótọ́ ni, ẹ̀bùn ọ̀hún wà. Ní 2023, fíìmù Babatunde Apalowo gba Teddy Award, ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún irú fíìmù bẹ́ẹ̀ níbi àjọ̀dún fíìmù ní Berlin, All the Colours of the World Are Between Black and White lorúkọ ẹ̀, Èkó ló sì ti ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa. Ìkan nínú àwọn ọkùnrin méjì yẹn ń fi ọ̀kadà gbé ẹrù fún oníbàárà, èkejì ń ya fọ́tò. Wọ́n jọ ń rin ìlú ká torí fọ́tò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ó kàn fi ọkùnrin méjì sí i ló fi gba ẹ̀bùn, ṣé ẹ wò ó ṣá?

* * *

Àbúrò, ohun kan wà tí kò sẹ́ni tó tíì bi ọ́. Ta ló máa ṣe Délé?

Ìwọ tó kọ ọ́, wọ́n lè má mọ ojú rẹ. Ẹni tó ṣe é lẹ́yìn tó bá kúrò lokéṣọ̀n, ọ̀kadà ló máa gùn lọ sílé. Ìyá ẹ̀ lè jẹ́ díákónẹ́ẹ̀sì. Onílé ẹ̀ á rí fíìmù náà.

Lọ́dún bíi mélòó kan sẹ́yìn, àwa mẹ́rin ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ láti Ìdànrè, ilẹ̀ ti ṣú. Àwọn kan dá wa dúró lójú ọ̀nà, wọ́n ní ká bọ́ sílẹ̀, wọ́n ní ká ṣí fóònù. Ọmọkùnrin tó ń bá wa kun ojú àwọn òṣèré wà pẹ̀lú wa, yẹtí fàdákà kékeré kan wà létí ẹ̀ òsì. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni wọ́n gbà lọ tààrà. Wọ́n rí fọ́tò òun àti òṣèré wa kan, wọ́n dì mọ́ra, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, pankéèkì wà lójú àwọn méjèèjì. "Ta lèyí jẹ́ sí ẹ?" Mo ní iṣẹ́ là ń ṣe, mo fi ìwé eré hàn wọ́n, mo ṣí báàgì aṣọ. Wọ́n ò wo ibẹ̀. Owó dísù tá a fẹ́ fi tan jẹnẹrétọ̀ lọ́jọ́ kejì ló bá wa jáde níbẹ̀. Nígbà tá a padà sínú ọkọ̀, ó bọ́ yẹtí yẹn, ó fi tíṣù wé e, ó fi í sínú àpótí búrọ́ọ̀ṣì ẹ̀. Ó ṣì ń báni ṣiṣẹ́ títí dòní. Mi ò rí yẹtí yẹn mọ́.

Mi ò tíì mọ̀ nígbà yẹn bóyá ọkùnrin ló ń fẹ́ àbí obìnrin. Mi ò mọ̀ títí dòní, mi ò sì bi í.

Nítorí náà bó o bá fẹ́ lo òṣèré, jẹ́ kó ka gbogbo ẹ̀ kó tó gbà. Má ṣe fi síìnì kan pamọ́ dìgbà tí kámẹ́rà bá dúró. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ jọ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò ní bá yín fi fọ́tò kan pàtó ṣe pósítà bí kò bá fẹ́.

* * *

O tún padà wá, o ní olówó yìí ló ń mú ohun tó ju ìdajì wá, pé bí o bá fi síìnì pásítọ̀ tẹ́ ẹ lọ́rùn, o lè ṣe Délé bó ṣe wù ọ́ ní ìyókù. Àwọn mẹ́ta ti sọ fún ọ pé kó o gbà, pé ọgbọ́n ni.

Èmi ò fara mọ́ ọn. Fíìmù ilé wa láti ìgbà fídíò kásẹ́ẹ̀tì, bó bá ti ní irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú, ọ̀nà mẹ́ta ló máa ń gbà jáde: ó ya wèrè, ó wọ ẹgbẹ́ òkùnkùn, tàbí pásítọ̀ gbọ́wọ́ lé e lórí. Èrò ti mọ̀ ọ́n sórí. Bí pásítọ̀ bá ti yọ ní ìṣẹ́jú karùndínláàádọ́rùn-ún, gbogbo ohun tó o ti kọ́ látẹ̀yìn wá á di ẹ̀rí fún un: owó iná, ẹja, ìyá tó ń pè láti Oǹdó, gbogbo ẹ̀ á di àmì àrùn tí pásítọ̀ wá wò. Kì í sì í ṣe pé mo kórìíra ìwàásù o, kọ́ọ̀sì lèmi náà máa ń kọ lọ́jọ́ Àìkú.

Ní Kẹ́ńyà, Wanuri Kahiu ṣe Rafiki ní 2018, lórí ọmọbìnrin méjì ní Nairobi tí àwọn bàbá wọn jọ ń du ipò ìṣèlú. Àjọ tó ń yẹ fíìmù wò níbẹ̀ ní kó yí ìparí ẹ̀ padà, torí ìrètí ti pọ̀ jù nínú ẹ̀. Ó kọ̀. Wọ́n fòfin dè é. Ní oṣù kẹsàn-án, ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n tú u sílẹ̀ fún ọjọ́ 7 péré, ilé sinimá sì kún. Ìparí ni wọ́n bá a jà lé lórí. Ìparí náà lolówó rẹ ń bá ọ jà lé lórí. Wọ́n mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà ju ìwọ lọ.

Èyí tí màá sọ báyìí á dun àwọn tó ní kó o má ṣe ojo. Bó bá jẹ́ pé Délé pẹ̀lú pásítọ̀ tàbí kò sí Délé lolówó fi sílẹ̀, tí kò sì sí olówó mìíràn, yọ Délé. Yọ ọ́ tinútinú, kó o tọ́jú ẹ̀ sínú fáìlì mìíràn, kó o ṣe fíìmù ọ̀rẹ́ mẹ́rin. Ẹni tó o kọ dáadáa lè dúró de owó tirẹ̀. Ẹni tí pásítọ̀ bá ti lò tán ò ṣeé gbà padà mọ́. Àwọn kan á bá mi jà lórí èyí, mo ń retí yín.

* * *

Wọ́n ti bá mi jà. Ẹnìkan ní ọ̀rọ̀ àgbàlagbà tí kò fẹ́ wàhálà ni mo sọ, pé bí gbogbo èèyàn bá ń tọ́jú Délé sínú fáìlì, ìgbà wo ni wọ́n máa rí i? Mi ò ní èsì tó dáa. Ó ṣeé ṣe kó jàre mi.

* * *

Mo rí síìnì tuntun tó o fi ránṣẹ́. Ó ti ń rí bó ṣe yẹ. Délé ń bá wọn tún fóònù ṣe ní ẹ̀gbẹ́ Ọjà Ọba, Túndé jẹ ẹ́ ní ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ, ìyá ẹ̀ ń ta kókò ní Oǹdó, ó sì fẹ́ mọ ìdí tí ọmọ òun ò fi wálé fún ìsìnkú ìyá àgbà. Ìyẹn ni mò ń wí.

Síìnì ibi àsun ní Alágbàkà ló dùn mọ́ mi jù. Gbogbo wọn yí tábìlì ká, iná ata ń jó wọn lẹ́nu, fóònù Délé tàn, orúkọ tó fi pa nọ́ńbà mọ́ ni "Bàbá Onígáàsì", ó fi ìka tí epo ata wà lára ẹ̀ dojú fóònù dé. Kẹ́mi rí i. Kẹ́mi wá sọ pé gáàsì ti tán nílé lóòótọ́ o, ta ló fẹ́ lọ gbé e. O ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ṣàlàyé. Ẹ ṣé.

Ohun kan péré: síìnì tó kẹ́yìn, lẹ́yìn ìjà, o kọ ọ́ síbẹ̀ pé Délé jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń sunkún. Yọ ẹkún yẹn. Jẹ́ kó jáde lọ ra yúnìtì. Jẹ́ kó padà wá tẹ nọ́ńbà sínú mítà lẹ́yìn ilé, kó tẹ̀ ẹ́ ṣì nígbà àkọ́kọ́, kó tún un tẹ̀. Kí iná dé. Kí fíríìjì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Kó wọlé bá àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ojú ń tì, kó bi wọ́n pé ta ló kàn lóṣù tó ń bọ̀.